Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé dé Oyè Ọ̀mọ̀wé: Ìtàn Ìkọ́ṣẹ́ Ojú-Iṣẹ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìlera Ará Ìlú, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Ìlọrin

Àṣamọ̀

Pépà yìí tọpinpin ìtàn bí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ará ìlú níṣẹ́ lójú iṣẹ́ gan-an, láti àkókò àwọn wolé-wolé títí dé àkókò tí oyè ọ̀mọ̀wé di ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ń lépa. Àbá wa ni pé bí àkàbà ẹ̀kọ́ náà ti ń ga sí i ni ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ará ìlú. A fi ètò COBES ti Yunifásítì Ìlọrin hàn gẹ́gẹ́ bí ìgbìyànjú kan láti dá ẹsẹ̀ náà padà ní ìsàlẹ̀ àkàbà, a sì jíròrò ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè rẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé ẹni tí yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ìlera ará ìlú gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn fún ará ìlú, kì í ṣe ìwé rẹ̀ nìkan fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ewébẹ̀ tí ó wà lọ́jà, tí ó sì lè ka iye iyọ̀ àti epo tí ẹ̀fọ́ ń gbà, kò tíì di ẹni tí ó mọ ẹ̀fọ́ rò. Ìgbà tí ìkòkò bá kúrò lórí iná, tí àwọn ará ilé sì jẹun, ni a ó tó mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlera ará ìlú rí.

Ìlera ará ìlú yàtọ̀ sí ìṣègùn inú ilé-ìwòsàn. Dókítà ilé-ìwòsàn a máa dúró de aláìsàn. Òṣìṣẹ́ ìlera ará ìlú ni ó ń lọ bá àwọn ènìyàn kí àìsàn tó dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni dókítà ń wò lẹ́ẹ̀kan. Odindi àdúgbò ni òṣìṣẹ́ ìlera ará ìlú ń wò. Omi tí a ń mu, ibi tí a ń da ilẹ̀ sí, ṣáláńgá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ̀fọn àti eku ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ yàrá ìkàwé nìkan.

Nínú pépà yìí, a ó máa lo ọ̀rọ̀ náà ‘ìmọ̀ọ́ṣe’, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lo ‘mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà’, fún agbára láti ṣe iṣẹ́ kan dójú àmì, lọ́nà tí ẹlòmíràn lè gbà fi ojú rí i, kí ó sì díwọ̀n rẹ̀. ‘Ìkọ́ṣẹ́ ojú-iṣẹ́’ ni a ó máa pe ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà níbi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Èkíní, ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lójú iṣẹ́ láàrin wa, kí sì ni ó mọ̀ ọ́n ṣe? Èkejì, kí ni Ìlọrin fi kún ìtàn náà? Ẹ̀kẹta, kí ni ìtàn yìí ní í sọ fún àwọn tí ń gbèrò oyè ọ̀mọ̀wé ti iṣẹ́ nínú ìlera ará ìlú lónìí?

2.0 Oyè Ọ̀mọ̀wé Oríṣi Méjì

Kí á tó wo ilé, ó yẹ kí á mọ ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé ti iṣẹ́ jẹ́. Oríṣi oyè ọ̀mọ̀wé méjì ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú. Èkíní ni ti ìwádìí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PhD. Ìbéèrè tí ó ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: kí ni ohun tuntun tí o rí? Èkejì ni ti iṣẹ́, tí a ń pè ní DrPH. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: kí ni o lè mú kí ó ṣẹlẹ̀?

Àríyànjiyàn lórí oríṣi méjì yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Amẹ́ríkà, ní 1915, William Welch àti Wickliffe Rose kọ ìjábọ̀ kan fún àjọ Rockefeller lórí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ fún ìlera ará ìlú. Èrò àwọn méjèèjì kò bára mu tán. Rose ń fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ òṣìṣẹ́ púpọ̀ tí wọn yóò tàn ká gbogbo agbègbè. Welch ń fẹ́ ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ nínú yunifásítì. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ Johns Hopkins sílẹ̀ ní 1916, èrò Welch ni ó borí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi ìwádìí ṣe olórí, tí iṣẹ́ ojú pópó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tí ń fi òǹtẹ̀ lu àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà ṣe ìlànà tuntun fún oyè DrPH. Ó ka ìmọ̀ọ́ṣe 20 tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní, ó sì pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin: ìtúpalẹ̀ iye àti ẹ̀rí, ìdarí àti ìṣàkóso, ìlànà ìjọba àti ètò iṣẹ́, àti kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Ó tún pàṣẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí yóò wúlò fún àjọ kan, tí ó lè jẹ́ ibi iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka èyí lè rò pé ohun àjèjì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn tiwa wò, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ti wà láàrin wa rí, lábẹ́ orúkọ tí kò ní ìyì púpọ̀.

3.0 Wolé-wolé: Ẹni tí Ó Kọ́kọ́ Fi Ojú Iṣẹ́ Ṣe Ilé-Ẹ̀kọ́

Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tí ó kàwé ìṣègùn ní Glasgow, ni a yàn ní 1922 gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá ìlera ará ìlú ní Èkó. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá síbẹ̀ láti apá gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1930. Kò sí bí a ṣe lè bá irú àrùn bẹ́ẹ̀ jà láti inú ọ́fíìsì. Ilé ni eku wà, ilé náà ni a gbọ́dọ̀ wọ̀. Olúwọlé tún ètò àyẹ̀wò ilé ṣe, ó sì mú àyẹ̀wò èbúté le sí i.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún òṣìṣẹ́ yìí sọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Yorùbá pè é ní wolé-wolé; Hausa pè é ní ‘dùbágàrì’, ìyẹn ẹni tí ń wo ìlú. Ìlọrin, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Àríwá títí a fi dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, wà ní ìkóríta àwọn èdè méjèèjì. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ‘wíwò’ ni ìdí orúkọ méjèèjì. Kò sí èyí tí ó pe òṣìṣẹ́ náà ní ẹni tí ó kàwé tàbí ẹni tí ń fúnni lóògùn.

Kí ni wolé-wolé mọ̀ ọ́n ṣe? Ó mọ bí a ti ń bojú wo inú ìkòkò omi, kí a sì rí tanwíjí, kí ó tó di ẹ̀fọn. Ó mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó yẹ kí ó wà láàrin kànga àti ṣáláńgá. Ó ń ka ilé, ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ó ń padà wá wò bóyá a ṣe àtúnṣe. Ó mọ òfin, ó sì lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Bí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀rí mẹ́rin tí a mẹ́nu bà lókè, a ó rí i pé wíwo ẹ̀rí àti lílo òfin kò ṣàjèjì sí i rárá.

Síbẹ̀, àléébù ńlá kan wà lára ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀. Ìjọba ni ó rán an, ìjọba ni ó ń jábọ̀ fún. Sámáàsì àti owó ìtanràn ni ohun ìjà rẹ̀. Bí wolé-wolé bá yọ ní ìkóríta, àwọn ará ilé a máa da omi ìkòkò nù, wọn a sì máa gbálẹ̀ kíákíá. Bí ó bá ti kọjá, ohun gbogbo a padà sí bí ó ti wà. Ó mọ bí a ti ń fi ipá mú ni ṣe, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ bí a ti ń yí ni lọ́kàn padà. Òǹkàwé lè rí i níhìn-ín pé kì í ṣe gbogbo ìkọ́ṣẹ́ ojú-iṣẹ́ ni ó pé. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jábọ̀ fún ni yóò sọ irú ìmọ̀ọ́ṣe tí yóò ní.

4.0 Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbò-Ọrà: Abúlé Di Olùkọ́

Àyípadà dé ní àwọn ọdún 1950. Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan léraléra láti ìgbà tí a bí i, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n náà sórí káàdì kan. Ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú káàdì náà sílé, kì í ṣe ilé-ìwòsàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá tí kò kàwé lè rí i bí ìlà ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ ti ń gòkè tàbí bí ó ti dúró sójú kan, kí ọmọ náà tó ṣàìsàn. Irú káàdì yìí tàn ká àgbáyé lẹ́yìn náà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń lò jáde láti inú ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé àwọn oníṣègùn gbà láti jókòó ti àwọn ìyá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìgbésẹ̀ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Ògúnlẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ètò ìlera Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn, wọ́n lọ ń gbé ní Ìgbò-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àrùn tí wọ́n ń kà nínú ìwé ní ojú ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, sòbìà ń dá àwọn àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko. Oògùn kò lè wo sòbìà sàn. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ ni ó lè dí i lọ́nà. Àwọn olùkọ́ni nípa ìlera àti àwọn ará abúlé jọ ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2013 pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà, irú iṣẹ́ báyìí ni ó so èso.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wolé-wolé àti Ìgbò-Ọrà ni pé a kò rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́. A rán an lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàrin ọdún ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni. Ilé-ìwòsàn ńlá ṣì ni ààfin. Ìgbò-Ọrà ni oko.

5.0 Ìlọrin àti Ètò COBES

Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìlọrin lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1977, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkùgbé, ẹni tí ó jẹ́ oníṣègùn, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a ti ń gbèrò ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ ni ayé ń yí èrò padà lórí ìlera. Ní oṣù Kẹsàn-án 1978, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Alma-Ata, wọ́n sì fẹnu kò sí ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Ní 1979, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ láti àwùjọ pàdé ní Kingston, ní Jàmáíkà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àjọ Ìlera Àgbáyé. Yunifásítì Ìlọrin wà nínú ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi McMaster ní Kánádà àti Maastricht ní Nẹ́dálándì.

Ohun tí Ìlọrin mú wá ni ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COBES, ìyẹn ètò ìrírí àti iṣẹ́ ìsìn láàrin àwùjọ. Ìtumọ̀ orúkọ náà ṣe pàtàkì. Ìrírí ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ìsìn ni ti ará ìlú. Orúkọ náà ti jẹ́ àdéhùn kan fúnra rẹ̀: ohun tí a bá gbà, a ó san nǹkan padà.

Bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. A pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, a sì rán wọn lọ gbé ní ìlú kéékèèké àti abúlé ní Kwara. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lọ. Ètò náà ń padà wá bí ọdún ẹ̀kọ́ ti ń lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sì ń jinlẹ̀ sí i. Ní àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà àtiwọlé: kíkí ọba tàbí baálẹ̀, kíkí magájí agboolé, àti ṣíṣàlàyé ohun tí wọ́n bá wá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ó ya àwòrán ìlú, wọn ó ka ilé àti ènìyàn, wọn ó bi wọ́n léèrè nípa àìsàn, ibi tí omi ti ń wá àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọn ó kó ìdáhùn jọ, wọn ó tú u palẹ̀, wọn ó sì wá sọ fún ará ìlú ohun tí wọ́n rí. Ní òpin rẹ̀, àwọn àti ará ìlú ó jọ mú ìṣòro kan, wọn ó sì gbìyànjú láti yanjú rẹ̀.

Kíyè sí i pé wọn kò jábọ̀ fún ìjọba nìkan bíi wolé-wolé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kàn wá wo àrùn lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró níwájú àwọn tí ó ni ìlú, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka ìwé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ni yóò kọ́kọ́ rí i níbẹ̀ pé òun kò mọ bí a ti ń ṣàlàyé ìgbẹ́ gbuuru fún ìyá àgbà ní Yorùbá, Nupe tàbí Bàrùbá láìtàbùkù rẹ̀. Èyí náà jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìdánwò.

A kò gbọ́dọ̀ fi oyin pa irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀, ibùgbé, owó oúnjẹ àti olùkọ́ tí yóò tẹ̀ lé wọn lọ kì í rọrùn láti rí. Ará ìlú tí a ti wọn, tí a ti ka ilé rẹ̀, lè béèrè oògùn àti ìgbà tí àwọn wọ̀nyí yóò padà wá. Bí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ bá kú lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn lọ, ará ìlú ti di pátákó ìkọ̀wé lásán. Ìdí tí ó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò ní àṣẹ lórí owó, lórí omi tàbí lórí òṣìṣẹ́ kankan. Àwọn tí ó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni ó ti gun òkè àkàbà. Níbẹ̀ ni a ó wò báyìí.

6.0 Òkè Àkàbà: Kí ni Ó Ṣẹlẹ̀ sí Ìkọ́ṣẹ́ Níbẹ̀?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni òṣìṣẹ́ ìlera ará ìlú ní Nàìjíríà ń gbà dé òkè. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà àgbà: ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, àti ti Nàìjíríà tí òfin 1979 gbé kalẹ̀. Níbẹ̀, dókítà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń rán an lọ sí ìgbèríko, ó sì ń kọ ìwé ìwádìí. Ìkọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí fún ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀nà kejì ni oyè PhD ti yunifásítì. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́ni nípa ìlera, onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lè gbà á dé òkè bí wọ́n bá ti kó ìwé-ẹ̀rí tí ó yẹ jọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń dánwò níbẹ̀ ni ìwé àpilẹ̀kọ. A kò béèrè bóyá ẹni náà lè darí ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ó ní iṣẹ́ kò gba gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà tí ó gba gbogbo ènìyàn kò ní iṣẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni ọmọ-ọmọ wolé-wolé, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká tí òfin 2002 fi ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ gbé iyì rẹ̀ sókè. Ó ti wọ ilé fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, ogún ọdún náà kò ní ìwọ̀n kankan lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò wọ ilé kankan rí, tí ó sì mọ ìwé kọ, lè ṣíwájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn pé a lè ṣe é bí ó ti yẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2008, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn atọpinpin àrùn bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NFELTP. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sààríà àti àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀. Ó gba dókítà, onímọ̀ àyẹ̀wò àti oníṣègùn ẹranko pọ̀. Nínú irú ètò báyìí, tí ó ti wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń lò lójú iṣẹ́. Ìdá kan péré ni ti yàrá ìkàwé.

Ìdánwò rẹ̀ dé ní 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún náà, ẹnì kan tí ó ní àrùn Ẹ̀bólà gúnlẹ̀ sí Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí ìgboro. Àìsàn náà sì gba ẹ̀mí Adadevoh fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní NFELTP wà lára àwọn tí wọ́n darí ìtọpinpin. Àwọn 894 tí wọ́n ti fara kan àwọn aláìsàn ni a tọpa, a sì lọ bá wọn lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà, 8 ni ó kú, a sì kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Gbogbo ayé yìn wá. Kí ni iṣẹ́ tí wọ́n yìn náà? Kíkan ilẹ̀kùn, wíwọ ilé, wíwo ojú ènìyàn, kíkọ ohun tí a rí sílẹ̀, àti pípadà wá lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ wolé-wolé ni, láìsí sámáàsì.

Ṣùgbọ́n oyè ọ̀gá, ìyẹn Másítà, ni ètò náà so mọ́. Àtẹ̀gùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè PhD, níbi tí ìwé àpilẹ̀kọ tún ti gba ipò iṣẹ́.

7.0 Ìmọ̀ọ́ṣe wo ni Ó Yẹ kí Ọ̀mọ̀wé Iṣẹ́ Ní?

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa jẹ́ àfẹnusọ, ẹ jẹ́ kí á fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìlọrin ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún 2017, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Kwara. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ènìyàn 1,558 tí a fura pé ó mú, 11 nínú wọn sì kú. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ó kàn: Asà, Mòrò, àti Ìlà-Oòrùn, Gúúsù àti Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin nìkan, 780 ni iye náà, èyí tí ó tó ìdajì gbogbo rẹ̀.

Kí ni ẹni tí yóò darí iṣẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe? A rí márùn-ún. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ lè ka iye, kí ó sì rí ìdí rẹ̀: àdúgbò wo ni àwọn aláìsàn ti wá, kànga wo ni wọ́n jọ ń mu, ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Èkejì, ó gbọ́dọ̀ lè kó àwọn tí kì í sábà jókòó pọ̀ sórí tábìlì kan: iléeṣẹ́ omi, ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ìwòsàn, àwọn magájí, àwọn àlùfáà àti ìyálọ́jà. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣírò owó, kí ó mọ ohun tí a ó kọ́kọ́ ná an lé lórí. Ẹ̀kẹrin, ó gbọ́dọ̀ lè bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, láìdẹ́rù bà wọ́n, láìsì tàn wọ́n. Ẹ̀karùn-ún, ó gbọ́dọ̀ lè kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lójú iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè ṣe é nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí tí ìwé àpilẹ̀kọ nìkan lè fi hàn. Nítorí náà, bí yunifásítì wa kan bá fẹ́ gbé oyè ọ̀mọ̀wé ti iṣẹ́ kalẹ̀, tàbí kí ó tún èyí tí ó ní ṣe, ìtàn tí a ti sọ fún un ní ìmọ̀ràn mẹ́ta.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé kí ìrírí iṣẹ́ ní ìwọ̀n nígbà tí a bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ó ti wọ ilé fún ogún ọdún má ṣe dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkejì ni pé kí a gbé iṣẹ́ tí a kò parí ní COBES lé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rí ìṣòro, wọn kò sì ní agbára láti yanjú rẹ̀. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní agbára náà. Bí ó bá fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ lé ìlú kan ṣoṣo, ìlú náà kò ní jẹ́ pátákó ìkọ̀wé mọ́. Ìkẹta ni pé kí àwọn tí iṣẹ́ náà kàn ní ohùn nínú ìdánwò: olórí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, àti aṣojú ìlú tí a ti ṣe iṣẹ́ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú wọn, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó ṣe ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó tó lọ dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwọn kan lè sọ pé èyí yóò sọ oyè ọ̀mọ̀wé di yẹpẹrẹ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti tún orí kẹrin ìwé àpilẹ̀kọ kọ ju kí á mú kí àwọn ará àdúgbò kan gbà láti bo kànga wọn, kí ó sì wà ní bíbò lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn mìíràn lè sọ pé magájí kò mọ ìwé, báwo ni yóò ṣe dán ọ̀mọ̀wé wò? A kò ní kí ó dán ìwé wò. Ohun tí ó mọ̀ ni a ó bi í: ǹjẹ́ ẹni yìí wá, ǹjẹ́ ó padà wá, ǹjẹ́ nǹkan yí padà? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé wolé-wolé ní ojú, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ni ojú náà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìyá ọmọ gba káàdì sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní Ìgbò-Ọrà, abúlé di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìlọrin sọ ìrírí àti iṣẹ́ ìsìn di orúkọ ètò ẹ̀kọ́ kan. Ìtọpinpin Ẹ̀bólà sì fi hàn ní 2014 pé ẹsẹ̀ tí ó ń wọ ilé ṣì ni ó ń gba orílẹ̀-èdè là. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹsẹ̀ yẹn gun àkàbà dé òkè.

Kò ṣe é ṣe kí á máa fi oyè tí ó ga jù lọ nínú ìlera ará ìlú dá ẹni tí ará ìlú kò mọ̀ lọ́lá, kí á sì máa retí pé ní ọjọ́ tí onígbáméjì bá tún kan ilẹ̀kùn, òun ni yóò mọ ojúlé tí a ó kọ́kọ́ lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìtàn tí wọ́n lè kọ́ lé lórí, wọn kò sì ní láti yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ náà ni láti kọ ọ́ sínú ìlànà ìdánwò.